Oúnjẹ Ti Jinná, Ta Ni Yóò Gbé E Dé Iwájú Àlejò?

Gbogbo wa la mọ̀ pé ìnáwó kì í sábà bàjẹ́ nídìí ààrò. Oúnjẹ lè jinná dáadáa, kí ẹran pọ̀, kí òórùn ata dídín gba àdúgbò kan, síbẹ̀ kí àlejò tó wá láti ọ̀nà jíjìn padà sílé pẹ̀lú ebi. Alásè kò ṣẹ̀. Àárín ìkòkò àti àwo ni ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan gbé àwo mẹ́ta lọ sí tábìlì kan náà. Ẹlòmíràn rò pé wọ́n ti dá bàbá onífìlà yẹn lóhùn. Ọmọ tí wọ́n rán lọ sí kánópì ẹ̀yìn bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ pàdé lọ́nà, wọ́n sì dúró sọ̀rọ̀. Nígbà tó bá di ọ̀la, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àlejò á máa tún sọ: “Wọn ò tiẹ̀ rí mi.”

Àárín ìkòkò àti àwo yìí ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé iṣẹ́ kan tó máa ń mú àwọn tó ń kọ sọ́fítíwia ṣàìsùn: bí a ṣe ń to ètò ìfitónilétí. Ètò yìí ló ń mú kí fóònù yín dún nígbà tí owó bá wọlé, nígbà tí òjò bá fẹ́ rọ̀, nígbà tí ọjà bá gbówó lórí. Ìnáwó kan ṣoṣo la ó fi ṣe é, láti ìdí ààrò títí dé abẹ́ kánópì, ìlú tí a ó sì ti ná an ni Kumasi, ní ilẹ̀ Gánà.

Kumasi kì í ṣe orúkọ àjèjì létí wa. Ọ̀pọ̀ ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ṣakí ló ní bàbá tàbí ìyá tó ti ṣòwò ní Gánà kí ìjọba Gánà lábẹ́ Busia tó ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé kó ẹrù wọn ní oṣù kọkànlá ọdún 1969. Ẹni tó bá sì dé Kumasi lọ́jọ́ Sátidé kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ohun tó ń jẹ́ kánópì. Sátidé ni ọjọ́ òkú ṣíṣe níbẹ̀. Aṣọ dúdú àti aṣọ pupa á gba títì, àga oníke á tò lọ rẹrẹ, ìlù á máa dún. Bí a bá yọjú sí ẹ̀yìnkùlé, ìkòkò tó wà lórí iná kò yàtọ̀ sí tiwa.

Oko ló yí ìlú náà ká: kòkó, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àgbàdo pọ̀ lápá Ejura, tòmátò pọ̀ ní Akumadan. Òjò wọn náà ní àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò bíi tiwa, àkọ́rọ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta, àrọ̀kúrò ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án. Àgbẹ̀ tó bá ṣi àkókò mú, irúgbìn rẹ̀ ló gbé.

Lọ́dún 2013, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì tó jáde ní KNUST, yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Kumasi, dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ nínú ìlú náà. Alloysius Attah ni ọ̀kan ń jẹ́, Emmanuel Owusu Addai ni èkejì, Farmerline ni wọ́n sọ ilé-iṣẹ́ wọn. Àgbẹ̀ ń fẹ́ mọ̀ bóyá òjò ń bọ̀, iye tí wọ́n ń ra àgbàdo lọ́jà, àti ìgbà tó yẹ kó da ajílẹ̀. Ìròyìn yìí wà nígboro, fóònù sì wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ lóko. Ṣùgbọ́n bí a bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àgbẹ̀ tí kò kàwé, inú fóònù ni yóò sùn sí. Ohùn ni àwọn Farmerline wá ń fi ránṣẹ́. Fóònù á dún, àgbẹ̀ á gbé e sétí, á gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ní èdè tirẹ̀. Sọ́fítíwia tí wọ́n kọ́ fún iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń pè ní Mergdata.

Ẹ kíyè sí ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìrònú. Etí àgbẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó padà wá sídìí kọ̀ǹpútà. Àwọn baba wa ti mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ rírán, ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ jíjẹ́. Ètò ìfitónilétí tó bá gbájú mọ́ rírán nìkan yóò ṣe bí ìnáwó tí wọ́n ti ń ka iye ìkòkò tí wọ́n sè, tí ẹnikẹ́ni kò ka iye àlejò tó jẹun.

Ẹ jẹ́ ká fojú ẹni tó fẹ́ kọ́ irú ètò bẹ́ẹ̀ wò ó. Ẹni tí iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí lọ́wọ́ á kọ́kọ́ ṣe é báyìí: kọ̀ǹpútà tó mọ̀ pé òjò ń bọ̀ náà ni yóò máa pe àwọn àgbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Alásè nìyẹn tó fi ìkòkò sílẹ̀ tó lọ ń gbé àwo. Bó bá jẹ́ àlejò márùn-ún ló wá, kò burú. Bó bá di ọgọ́rùn-ún, ìrẹsì á jóná. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ká ní àgbẹ̀ 10,000 ló wà lákọsílẹ̀, kí ìpè kọ̀ọ̀kan sì gba 40 ìṣẹ́jú àáyá. Bí a bá ń pè wọ́n tẹ̀ léra, 400,000 ìṣẹ́jú àáyá ni yóò gbà wá, ìyẹn lé ní ọjọ́ mẹ́rin àbọ̀ láìfojú ba oorun. Òjò tí a ní ó ń bọ̀ lọ́la á ti rọ̀, á ti dá, ajílẹ̀ tí àgbẹ̀ dà sóko á ti bá àgbàrá lọ. Bí ìpè kan bá tún há sí ilé-iṣẹ́ fóònù, alásè á dúró gbàgìdì nídìí tábìlì kan, kò ní lè tẹ̀ síwájú, kò sì ní sẹ́ni tó ń ro ìkòkò.

Nílé wa, tí ìnáwó bá ti tóbi díẹ̀, a kì í jẹ́ kí alásè jáde. Tábìlì gígùn kan á wà láàárín ìdí ààrò àti kánópì. Alásè á bù, á gbé e ka orí tábìlì, á yí padà sídìí iná. Àwọn agbáwo á máa wá síbẹ̀ gbé e. Alásè kò nílò láti mọ ibi tí àlejò jókòó sí, agbáwo náà kò nílò láti mọ iye iyọ̀ tó wà nínú ọbẹ̀. Tábìlì yìí ni àwọn onísọ́fítíwia ń pè ní queue, àwa lè pè é ní ìlà. Ẹ̀ka tó ń wo ojú ọjọ́ á gbé ọ̀rọ̀ kan péré kalẹ̀ síbẹ̀: “Òjò ńlá, Ejura, ọ̀la.” Kò dárúkọ àgbẹ̀ kankan, kò sì mẹ́nu ba fóònù. Ẹ̀ka tó ń wo iye ọjà á gbé tirẹ̀ kalẹ̀, ẹ̀ka tó ń ṣọ́ kòkòrò á gbé tirẹ̀ kalẹ̀, kálukú á padà sídìí ìkòkò rẹ̀.

Kò dìgbà tí ẹ bá gbẹ́ tábìlì yìí fúnra yín. Àwọn kan ti kọ́ ọ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó. RabbitMQ ti jáde láti 2007. Kafka náà wà, tí ilé-iṣẹ́ LinkedIn kọ́ fún ìlò ara wọn kí wọ́n tó yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2011. Èrè tó wà níbẹ̀ kò ju èyí tí ìyá wa ń jẹ nídìí tábìlì lọ. Bí agbáwo kan bá ṣàìsàn, oúnjẹ ṣì wà níbi tí wọ́n gbé e sí, ẹlòmíràn á wá gbé e. Bí àlejò bá pọ̀ sí i, agbáwo la ó wá kún un, a ò ní wá alásè mìíràn. Bí àlejò bá sì rọ́ dé lẹ́ẹ̀kan náà, orí tábìlì ni àwo á ti pọ̀, wàhálà kò ní ya wọ inú ilé ìdáná.

Ìyálé ilé ló máa ń jókòó ti tábìlì náà pẹ̀lú ìwé àjákọ lọ́wọ́. Kò sí àwo tó ń kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé ó fojú kàn án. Òun ló mọ̀ pé àwọn ará ilé ọkọ wà ní kánópì kejì, pé Àlùfáà kì í jẹ ẹran tí kò mọ ẹni tó pa á, pé ìyá tó ní ìtọ̀ ṣúgà kì í jẹ ìrẹsì. Ètò ìfitónilétí náà gbọ́dọ̀ ní ìyálé tirẹ̀. Nígbà tí “Òjò ńlá, Ejura, ọ̀la” bá dé iwájú rẹ̀, òun ni yóò ṣí ìwé wò: ta ló ń dáko ní Ejura? Ta ló ń gbọ́ Twi nínú wọn, ta ló ń gbọ́ Dàgbánì, ta ló ń gbọ́ Haúsá? Ta ló ní fóònù olówó kékeré, ta ló ní èyí tó ń gba WhatsApp? Ta ló ní kí wọ́n má pe òun láàárọ̀ Jímọ̀? Ọ̀rọ̀ kan péré tí alásè gbé kalẹ̀ á wá di ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwo, orúkọ ẹni tó ni ín á sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nínú ìwé yẹn kan náà ni a ti ń kọ orúkọ ẹni tó ní òun kò fẹ́. Gánà ní òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ara ẹni, Act 843 ti ọdún 2012. Yàtọ̀ sí òfin, ìwà ọmọlúàbí náà kò gbà kí a máa fi oúnjẹ ti ẹni tó ti ní òun yó. Ibi tó dára jù láti fi “mi ò fẹ́” sí ni ọwọ́ ìyálé. Bí a bá fi í sọ́wọ́ àwọn alásè, ọ̀kan á rántí, méjì á gbàgbé.

Ó wá kan àwo. Ọbẹ̀ kò ṣeé gbé sínú àwo pẹrẹsẹ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àwo tó gbà á. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni àwo tó wọ́pọ̀ jù, nítorí gbogbo fóònù ló ń gbà á. Kékeré ni, ìtàn bó ṣe kéré sì kan àwa àti àwọn ará Kumasi gbọ̀ngbọ̀n. Lọ́dún 1985, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jámánì kan, Friedhelm Hillebrand, jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀, ó ń tẹ oríṣiríṣi gbólóhùn, ó sì ń ka iye lẹ́tà tó wà nínú wọn. Ó rí i pé àwọn tó pọ̀ jù kì í ju 160 lọ. Iye yẹn náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gbà títí dòní, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí Neil Papworth ti fi “Merry Christmas” ṣe àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ lágbàáyé ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, 1992, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Èdè àwọn ará Yúróòpù ni wọ́n fi wọn àwo náà. Lẹ́tà bíi à, è, é, ì, ò àti ù wà nínú àwọn tí wọ́n kà mọ́ ọn. Ẹ, ọ àti ṣ tiwa kò sí níbẹ̀, ɛ àti ɔ tí Twi ń lò kò sí níbẹ̀. Bí ẹyọ kan péré nínú àwọn lẹ́tà tí kò sí níbẹ̀ bá wọ inú àtẹ̀jíṣẹ́, fóònù á yí gbogbo rẹ̀ sí ọ̀nà ìkọ̀wé mìíràn tó ń gba ààyè jù, àwo tó ń gba 160 á sì di èyí tó ń gba 70. Ẹni tó bá kọ “Nsuo bɛtɔ ɔkyena” ránṣẹ́ láti Kumasi pé òjò yóò rọ̀ lọ́la ti wọ inú àwo kékeré nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá kọ ọ́ láti Ìbàdàn ní Yorùbá tó yẹ ojú. Ọ̀rọ̀ tó bá ní lẹ́tà 100, tí ìbá jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ kan, á di méjì. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí 10,000 ènìyàn, owó àtẹ̀jíṣẹ́ 20,000 ni ẹ ó san. Ìdí nìyẹn tí àwọn mìíràn fi ń já àmì sílẹ̀ nínú àtẹ̀jíṣẹ́, tí wọ́n sì ń bọ́ èdè lẹ́wù kí owó lè dín kù. Ohùn ni àwo kejì. Bí a bá fi í ránṣẹ́, kò sí ẹni tó ń ka lẹ́tà, owó ìṣẹ́jú la ó san. Ẹni tó ń to ètò gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò yìí lọ́jọ́ tó ń ra àwo, kó má jẹ́ lọ́jọ́ ìnáwó.

Àwo kẹta ni èyí tó ń yọ lójú fóònù ìgbàlódé, èyí tí áàpù fi ń kàn wá lára. Ẹ rò ó wò ná: bí áàpù ogún bá wà lórí fóònù kan, tí kálukú wọn ń sáré lọ béèrè ní gbogbo ìgbà pé “ṣé nǹkan wà fún mi?”, bátìrì á kú kó tó di ọ̀sán. Alásè ogún nìyẹn tí kálukú ń rán agbáwo tirẹ̀ sídìí tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́rin. Apple yanjú tiwọn ní oṣù kẹfà ọdún 2009, Google náà tẹ̀ lé e lọ́dún kejì: agbáwo kan ṣoṣo ni yóò máa wọ inú kánópì, gbogbo alásè á kó tiwọn fún un. Nítorí náà, nígbà tí áàpù kan bá fi nǹkan ránṣẹ́ sí yín, ọ̀dọ̀ Apple tàbí Google ló kọ́kọ́ ń lọ kó tó dé àpò yín.

Gbogbo àwo kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Lọ́dún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ rí kòkòrò kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá, tí wọ́n ń pè ní fall armyworm, tó ń jẹ àgbàdo bí ẹni pé wọ́n fi oko jogún fún un. Bí ìròyìn kòkòrò yìí bá dé lọ́sàn-án ọjọ́ tí a ń fi iye ọjà ránṣẹ́ sí gbogbo àgbẹ̀, tí tábìlì kan ṣoṣo wà, ìkìlọ̀ náà á tò sẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwo iye tòmátò. A máa ń ya kúlà àwọn àgbà sọ́tọ̀ nínú ìnáwó, agbáwo tirẹ̀ sì wà tí kì í gbé nǹkan mìíràn. Ọ̀rọ̀ tó kan ẹ̀mí, owó àti irè oko yẹ kó ní tábìlì tirẹ̀ àti agbáwo tirẹ̀. Ìpolówó á dúró ní tábìlì kejì.

Ibi tí a ti ń mọ ètò tó gbọ́n yàtọ̀ nìyí: kí ni agbáwo máa ṣe nígbà tó bá dé ìdí àga tí kò bá ẹnì kankan? Òmùgọ̀ á gbé e kalẹ̀, á ní òun ti jíṣẹ́. Ọ̀lẹ á dá a padà sínú ìkòkò. Ọ̀kánjúwà aláìnísùúrù á dúró síbẹ̀, á máa lọ á máa bọ̀, á dí ọ̀nà mọ́ àwọn yòókù. Ọlọ́gbọ́n á padà wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá rí i, á fún un ní méjì, lẹ́yìn náà mẹ́rin, lẹ́yìn náà mẹ́jọ. Bó ṣe ń pẹ́ sí i ló ń fi àyè sílẹ̀ sí i, nítorí bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dákú ní Ejura, tí gbogbo ìpè 10,000 sì ń tún ara wọn ṣe ní ìṣẹ́jú kan náà, àwọn gan-an ni kò ní jẹ́ kó jí. Bó bá jẹ́ ìpè ohùn, ọgbọ́n mìíràn tún wà: àgbẹ̀ tí kò gbé fóònù láago mẹ́wàá àárọ̀ wà lóko, ẹ pè é láago méje alẹ́.

Ilé-iṣẹ́ fóònù náà mọ ọgbọ́n yìí díẹ̀. Bí fóònù yín bá kú, àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń bọ̀ kì í sọnù lójú ẹsẹ̀. Ibùdó kan lọ́dọ̀ wọn á pa á mọ́ títí fóònù fi máa jí, tàbí títí àkókò tí wọ́n dá fún un fi máa pé. Àkókò dídá yẹn ṣe pàtàkì, nítorí oúnjẹ máa ń kan. Ìkìlọ̀ pé òjò ń bọ̀ lónìí, tó bá dé ní ọ̀túnla, ẹ̀tàn ni yóò fi ṣe, àgbẹ̀ á sì tún fi ọjọ́ kan dúró de òjò tó ti rọ̀ tán. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbé ọjọ́ ikú rẹ̀ lọ́wọ́ kúrò nídìí tábìlì. Èyí tí a gbìyànjú títí tí kò délé, ẹ má dà á nù láìwò. Ẹ kó wọn jọ síbì kan kí ìyálé yẹ̀ wọ́n wò ní ìrọ̀lẹ́. Bó bá rí i pé àwo 300 ló padà láti abúlé kan ṣoṣo, ó mọ̀ pé nǹkan ṣe ọ̀nà ibẹ̀.

Láti inú ìgbìyànjú léraléra yìí ni wàhálà mìíràn ti ń jáde. Agbáwo gbé oúnjẹ fún Bàbá Sùúrù, kó tó padà wá sàmì sínú ìwé, wọ́n pè é níta. Agbáwo kejì wò, kò rí àmì, ó gbé òmíràn lọ. Bàbá Sùúrù kò ní sọ̀rọ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn kánópì ni yóò sunkún. Nínú ọ̀rọ̀ òjò, kí ìkìlọ̀ dé lẹ́ẹ̀mejì kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n ẹ wo obìnrin tó ń ta aṣọ ní ọjà Kejetia, láàárín Kumasi, tí oníbàárà san owó fún lórí MoMo, owó orí fóònù. Bí ìfitónilétí 200 sídì bá dún lẹ́ẹ̀mejì fún owó ẹ̀ẹ̀kan, ó lè rò pé 400 ló wọlé, kó sì gbé aṣọ méjì jáde. Àwọn tábìlì tí a dárúkọ lókè yìí, ìlérí tó rọrùn fún wọn jù láti mú ṣẹ ni pé ọ̀rọ̀ kò ní sọnù. Ìlérí yẹn kò sọ pé kò ní tún ara rẹ̀ wá. Ọwọ́ ẹni tó ń to ètò ni ìyẹn wà: kó so nọ́ńbà mọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan láti ìdí ààrò, kí agbáwo sì máa wo nọ́ńbà náà kó tó gbé àwo kalẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n bá ti gbé lẹ́ẹ̀kan, kò tún gbọdọ̀ dé ìdí àga mọ́.

Bí àwo bá ti wà níwájú àlejò, ṣé ó ti tán? Kò tíì tán. Wọ́n ní àgbẹ̀ gbé ìpè, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré ló fi gbọ́ kó tó pa á. Kò gbọ́ nǹkan kan nìyẹn, bí ìwé tilẹ̀ kọ ọ́ pé ó gbà á. Ètò tó dára á kọ iye ìṣẹ́jú tó fi gbọ́ ọ. Bí ọ̀pọ̀ bá ń pa á ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, ẹ lọ gbọ́ ohun tí wọ́n fi ṣíde. Bóyá ìkíni gígùn ni, bóyá orúkọ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń kà, nígbà tí ọ̀rọ̀ òjò ìbá ti ṣíwájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí wọ́n ń gbé oúnjẹ wá fún ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá kò ní wojú àwo mọ́. Ẹ fi òjò ọ̀la àti iye àgbàdo sínú ìpè kan. Ẹ dá iye tó pọ̀ jù tí ẹnì kan lè gbà lọ́sẹ̀, kí ìyálé sì máa ṣọ́ ọ.

Lọ́dún 2024, Farmerline tún gbé ìgbésẹ̀ mìíràn. Wọ́n gbé Darli jáde, ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n tó ń dá àgbẹ̀ lóhùn lórí WhatsApp ní ọ̀pọ̀ èdè, tó fi mọ́ èdè ilẹ̀ Áfíríkà. Ìnáwó ti yí padà nìyẹn: àlejò kò kàn jókòó dúró de àwo mọ́, ó lè nawọ́, kó béèrè ohun tó fẹ́. Ṣùgbọ́n èyí kò sọ tábìlì di ohun àtijọ́. Bí àgbẹ̀ bá béèrè lálẹ́ ohun tó ń mú kí ewé ẹ̀gẹ́ òun lọ́, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lọ kí ìdáhùn tó dé, ìdáhùn náà gbọ́dọ̀ wà níbì kan, kó mọ ẹni tó ni ín, kó tún gbìyànjú, kó má sì dé lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń darí ilé-ìwé, ẹnì kan á wá bá yín lọ́jọ́ kan pé òun fẹ́ bá yín ṣe ètò tí yóò máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Kí ẹ tó tọwọ́ bọ àpò, ẹ bi í ní ìbéèrè márùn-ún. Níbo ni tábìlì wà? Ta ló ń di ìwé orúkọ àti èdè mú? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò gbé fóònù? Kí ni kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó dé lẹ́ẹ̀mejì? Báwo la ṣe máa mọ̀ pé wọ́n gbọ́? Bó bá dáhùn láìwolẹ̀, ẹ gbé iṣẹ́ fún un. Bó bá rẹ́rìn-ín, tó ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, ó kàn máa lọ ni,” ẹ bi í pé ibo ló ń lọ.